Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ: kí ló dé tó fi jẹ́ oṣù mẹ́fà?

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, àní lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ pàápàá: «Ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, tó ti lo oògùn oṣù méjì, tí ikọ́ ti lọ, tí ara ti mókun, kí ló tún ń lo oògùn sí?»

Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà lórílẹ̀-èdè wa, ṣùgbọ́n zémijàn kì í gbé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa san owó ọjọ́ iṣẹ́ tó bá sọnù padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń dá oògùn dúró lágbedeméjì. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìwádìí sọ, torí pé Bẹ̀nẹ̀ wa yìí wà lára àwọn tó ṣe é.

Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ilé ìwòsàn ní «tuberculose». Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1882. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfiṣe. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà: bí ẹni tí àrùn wà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bá wúkọ́, ẹlòmíì lè fà á símú.

Oògùn mẹ́rin ni wọ́n máa ń lò pọ̀ fún oṣù méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà méjì fún oṣù mẹ́rin. Bí ìtọ̀ bá pọ́n, ẹ má jáyà: rifampicine ló ń pa á láró, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ èkan dáadáa. Bí ẹ bá bẹ́ ẹ lórí, ilẹ̀ á mọ́ lójú, ṣùgbọ́n gbòǹgbò wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò yìí. Àwọn tó ń jí, tó ń bí sí i, ló máa ń tètè kú. Ìgbà náà ni ikọ́ máa ń lọ. Àwọn mìíràn a máa sùn, oògùn kì í sì í tètè pa èyí tó ń sùn.

Àwọn olùwádìí gbìyànjú láti dín oṣù mẹ́fà kù sí mẹ́rin. Wọ́n mú ọ̀kan kúrò nínú oògùn náà, wọ́n fi gatifloxacine rọ́pò rẹ̀. Bẹ̀nẹ̀, Gíní, Sẹ̀nẹ̀gà, Kẹ́ńyà àti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe é, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2014. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó lo ti oṣù mẹ́rin, àrùn padà sára nǹkan bíi 15. Nínú àwọn tó lo oṣù mẹ́fà, bíi 7 ni. Ìlọ́po méjì! Bí oṣù mẹ́rin tí dókítà ṣọ́ dáadáa kò bá tó, mélòó mélòó ni oṣù méjì tí èèyàn dá fúnra rẹ̀ dúró?

Ewu mìíràn tún wà. Kòkòrò tó ṣẹ́ kù lè di èyí tí kò gbọ́ oògùn mọ́, irú rẹ̀ náà ni aláìsàn á sì kó ran ọmọ àti aya. Tẹ́lẹ̀, ìtọ́jú irú ikọ́ ẹ̀gbẹ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà tó 20 oṣù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó lè ba etí jẹ́. Ibí yìí ni ìròyìn ayọ̀ wà. Orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ Áfíríkà, Bẹ̀nẹ̀ wà lára wọn, fi ìtọ́jú oṣù 9 wo èèyàn 1,006. Àbájáde tó jáde ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi 82 ló rí ìtọ́jú náà yọrí. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) fọwọ́ sí ìtọ́jú oṣù 6 tí kò ní abẹ́rẹ́ rárá fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Lóòótọ́, ìwádìí kan tó jáde ní 2021 rí oògùn tó lè wo ikọ́ ẹ̀gbẹ lásán ní oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n oògùn tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n kọ oṣù mẹ́fà fún, oṣù mẹ́fà ni kó lò.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tó ń rù, tó ń làágùn lóru tàbí tó ń wú ẹ̀jẹ̀, kó lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ọ̀nà bá jìn tàbí owó ọkọ̀ bá wọ́n, ẹ sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀ kí ẹ tó dá oògùn dúró. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má yẹra fún aláìsàn. Ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ sì máa rán an létí oògùn rẹ̀ láràárọ̀. Ẹni tó fa èkan tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ló sinmi.

Ọlọ́run á fún wa ní àlàáfíà o.