Mò Ń Wá Sunshine Stars ní Epinmi

Mo sọ̀ sí Epinmi lọ́jọ́ Sátidé kan tí oòrùn ti ń rọ̀, lójú títì tó ti Ọ̀kà Àkókó wá tó ń lọ sí Ìsùà. N ò tíì rìn jìnnà tí mo ti rí aṣọ Chelsea lọ́rùn ọlọ́kadà, ti Arsenal lọ́rùn ẹni tó ń ta epo pupa, àti ti Barcelona tó gùn dé orúnkún lọ́rùn ọmọdé kan. Sunshine Stars ni mò ń wá, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórúkọ gbogbo ẹni tí mò ń kí lọ yìí. N ò rí aṣọ rẹ̀ lọ́rùn ẹnikẹ́ni.

Lórí pápá kan, àwọn ọ̀dọ́ ń gbá sẹ́ẹ̀tì. Ẹ mọ òfin rẹ̀: tí wọ́n bá ti gbá góòlù méjì wọlé yín, ẹ ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Mo bi ọ̀kan tó ń so okùn bàtà bóyá ó mọ Godfrey Oboabona.

“Ti Super Eagles àtijọ́? Mo ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, sà.”

Àtijọ́! Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì 2013, nígbà tí Nàìjíríà na Burkina Faso ní 1–0 ní Johannesburg láti gba ife Áfíríkà, Oboabona wà láàárín ẹ̀yìn, agbábọ́ọ̀lù Sunshine Stars sì ni lọ́jọ́ náà. Stephen Keshi, akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles nígbà náà, ò fojú di àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé. Sunday Mba tó gbá góòlù ọ̀hún wọlé, ilé ni òun náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, bàbá kan gbọ́ ohun tí mò ń bi onírun, ó sì gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. “Ta ló ní kí ẹ máa bi ọmọdé? Èmi lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde!”

Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọ́nnu. Ní 2011, Sunshine Stars dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú Confederation Cup ti Áfíríkà kí Club Africain ti Tunis tó dá wọn dúró. Lọ́dún kejì, nínú Champions League tó ju ìyẹn lọ, wọ́n tún dé ibẹ̀. Al Ahly ti Kairo ni wọ́n bá pàdé. Líìgì Íjíbítì kò tilẹ̀ lọ lọ́dún náà, nítorí àwọn tó lé ní 70 tó kú ní pápá ìṣeré Port Said ní oṣù kejì, síbẹ̀ Al Ahly ò rọ. Wọ́n gbá ọ̀mì 3–3 ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní Kairo, Al Ahly na wọ́n ní 1–0, ó sì gba ife náà níkẹyìn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde? Pápá Àkúrẹ́ kò tó ohun tí CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ń béèrè nígbà náà. Nítorí náà bàbá yìí wọkọ̀ kọjá Ọ̀wọ̀, ó kọjá Àkúrẹ́ gan-an, ó kọjá Oǹdó àti Òrè, kó tó lè wo ẹgbẹ́ tí wọ́n ní ó wà nílé. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ọjọ́ tó yẹ kí ọmọ Àkókó rí wọn kó sì máa fi wọ́n yangàn, ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n wà. Chelsea, ní tirẹ̀, ń wá bá a ní ẹnu ọ̀nà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà náà ni mo yà sí kẹ́yìn: ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ eré ọjọ́ náà sára pátákó. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Sunshine Stars ti já kúrò ní líìgì àgbà ní 2025. Ẹni tó ń gbowó ní kò sẹ́ni tó bi òun léèrè nípa rẹ̀.

“Tí wọ́n bá tún wá bá Al Ahly pàdé ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ìlọ́po méjì ni owó ìwọlé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin náà, ẹ ò tíì san tòní.”