RÍRÌN YÍ ADÁGÚN KÁ LÁTI WO ẸYẸ

Nínú ìwàásù orí òkè, Olúwa wa darí ojú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Rẹ̀ sí àwọn ẹyẹ ojú ọ̀run. Ará Òkè-Ìlá tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní kúrò ní Adó-Èkìtì, nítorí adágún wà níbi tí a gbé sé odò Ureje fún omi ìlú.

Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta ni ìrìn náà dára jù, nígbà tí òjò ti dá tí àwọn àlejò sì ti dé. Irú alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan, tí ọ̀fun rẹ̀ pupa, a máa pa ọmọ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Bí òtútù bá dé tí kòkòrò sì wọ́n níbẹ̀, a la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sọ́dọ̀ wa. Lékeelékèé pẹ̀lú a máa ti apá àríwá padà, a sì máa tẹ̀lé màlúù láti jẹ tata. Ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni àwọn méjèèjì.

Kí aṣáájú gba àyè lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú adágún náà, kí ó sì ti tọ ọ̀nà wò ṣáájú. Kí ẹgbẹ́ má ju ènìyàn 10 lọ, nítorí ariwo a máa lé ẹyẹ. Kí wọ́n dé etí omi ní kùtùkùtù, kí oòrùn wà lẹ́yìn wọn. Kí wọ́n mú omi mímu, ìwé kékeré àti lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́, láti kọ irú ẹyẹ àti iye wọn sílẹ̀. Kí rọ́bà tí a fi ń ta ẹyẹ dúró nílé.

Ohun kan ṣe pàtàkì jù: kí ọmọdé má ṣe wọ inú omi nítorí àtirí ẹyẹ nítòsí. Nínú omi tí kò ṣàn kíkan, aràn àtọ̀sí ajá lè wà nínú ìgbín omi wẹ́wẹ́. Bí ó bá jáde, ojú kò lè rí i, a sì gba awọ ara wọlé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọmọ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí tọ ẹ̀jẹ̀. Kí a tètè gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí oògùn praziquantel ń pa aràn náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tọ̀ sí omi, nítorí inú ìtọ̀ ni ẹyin aràn ti ń dé ibẹ̀.

Ẹni tí ó bá padà délé pẹ̀lú ẹsẹ̀ gbígbẹ àti ìwé tí ó kún, ó ti rìn ín re.