Nígbà tí Eré Sísá Jẹ́ Èèwọ̀ Obìnrin

Kí ọdún 1928 tó dé, obìnrin lè lúwẹ̀ẹ́ ní ìdíje Òlíḿpíìkì, ó lè gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni kí ó sá eré ìje. Àwọn aláṣẹ ní ara obìnrin kò gbà á. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, àwọn nìkan ni ó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ kò wọ̀ wọ́n létí, Alice Milliat, obìnrin ilẹ̀ Faransé, dá ìdíje tirẹ̀ sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1922. Ó pè é ní Òlíḿpíìkì Obìnrin. Orúkọ yìí ká àwọn aláṣẹ lára. Wọ́n ní kí ó jọ̀wọ́ orúkọ náà, àwọn yóò sì fún obìnrin láyè. Ó gbà; eré márùn-ún péré ni wọ́n fún wọn ní Amsterdam.

Betty Robinson, ọmọ Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 16, ni ó gba ipò kìíní nínú eré 100 mítà, ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.2. Olùkọ́ rẹ̀ kan ni ó rí i níbi tí ó ti ń sáré lé ọkọ̀ ojú irin, tí ó sì bá a.

Ní ọdún 1931, ọkọ̀ òfurufú já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó yè é, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ dáadáa mọ́, kò sì lè lóṣòó bẹ̀rẹ̀ eré bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Eré ẹlẹ́ni mẹ́rin, tí wọ́n ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́, ni ó kù fún un, nítorí òòró ni ẹni kẹta ń dúró gba ọ̀pá. Ní Berlin, ní ọdún 1936, Jámánì ni ó ń ṣíwájú kí ọ̀pá tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Robinson fi tirẹ̀ lé Helen Stephens lọ́wọ́, Amẹ́ríkà sì gba wúrà.