Irinṣẹ́ Wo Ló Yẹ Nínú Àpótí Pàjáwìrì Kọ̀ǹpútà?

Bí kọ̀ǹpútà bá tan àmọ́ tí kò gbéra, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká fọ́màtì ẹ̀." Tí wọ́n bá fọ́màtì ẹ̀, iṣẹ́ tẹ́ ẹ kó síbẹ̀ lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́pọ̀ ìgbà, fáìlì yín ò sọnù. Operating system tó ń darí kọ̀ǹpútà ló ń ṣàìsàn. Nítorí irú ọjọ́ báyìí ni wọ́n ṣe ń fi àpótí pàjáwìrì sínú rẹ̀. Kí ló wá yẹ kó wà níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo FreeBSD, operating system ọ̀fẹ́ kan. Láti ẹ̀dà 5.2 ló ti ní fódà tí wọ́n ń pè ní /rescue.

Àkọ́kọ́, irinṣẹ́ pàjáwìrì ò gbọ́dọ̀ gbára lé ohun tó lè bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà ló ń yá nǹkan lò látinú fáìlì kan náà, ìyẹn library. Tí fáìlì yẹn bá bàjẹ́, gbogbo wọn á jọ dákẹ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ kejì tẹ́ ẹ tì mọ́ inú yàrá, kí ló fẹ́ ṣe fún yín níta? Ìdí nìyẹn tí àwọn irinṣẹ́ inú /rescue kì í yá nǹkan kan lò.

Èkejì, ṣé ó lè tún nǹkan ṣe, àbí ó lè kó fáìlì jáde? fsck ń yẹ díìsìkì wò, ó sì ń tún un tò. mount ń ṣí i. cp àti tar ń kó fáìlì lọ síbòmíì. vi ń tún ọ̀rọ̀ inú fáìlì kọ, torí ìlà kan tó ṣì nínú /etc/fstab tó láti dá kọ̀ǹpútà dúró. Géèmù àti orin ò sí níbẹ̀ o!

Ẹ̀kẹta, kò gbọ́dọ̀ gba àyè púpọ̀. Wọ́n pa gbogbo irinṣẹ́ náà pọ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo, àmọ́ orúkọ rẹ̀ lé ní 100. Orúkọ tẹ́ ẹ bá fi pè é ló máa fi mọ iṣẹ́ tó máa ṣe, bí ẹni tí wọ́n ń pè ní Tíṣà níléèwé, tí wọ́n ń pè ní Bàbá nílé.

Windows náà ní recovery tirẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó fọ́màtì, ẹ bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti gbìyànjú recovery?" Àmọ́ orí díìsìkì kan náà ni àpótí yìí sábà máa ń wà, tí díìsìkì bá kú, òun náà kú nìyẹn. Ẹ yáa ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín sórí fláàṣì.