Ṣé O Mọ Ohun Tí Ọmọ Ń Ṣe Nínú Oyún Oṣù Márùn-ún?

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tí a kò tíì bí a máa tọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni o! Ó ń tọ̀ sínú omi tó yí i ká nínú ilé ọmọ. Á gbé omi yẹn mì, á sì tún tọ̀ ọ́ jáde.

Má tíì fajú ro, ó kù. Bí oyún bá fi máa pé oṣù márùn-ún, èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà, ìtọ̀ ọmọ ni. Inú rẹ̀ ni ìwọ náà ti lúwẹ̀ẹ́ kí o tó dé ayé.

Àárín oyún ni mo ń sọ, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 dé ọ̀sẹ̀ 27. Èébì àárọ̀ ti ń dẹwọ́, ìrọbí ṣì jìnnà. Ara lè rọ ìyá díẹ̀. Ọmọ ní tirẹ̀ kò ráyè!

Ní ọ̀sẹ̀ 14, kò tó gíráàmù 100. Ní ọ̀sẹ̀ 27, ó ti ń lọ sí kílò kan. Ó fi oṣù mẹ́ta sanra ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ!

Ọkàn rẹ̀ ńkọ́? Ìgbà 110 sí 160 ló ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Bí tìrẹ bá ń lù ní 160 níbi tí o jókòó jẹ́ẹ́ sí yìí, wọn ì bá ti gbé ọ dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù.

Ṣé o mọ̀ pé irun ló bò ó? Irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lójú, léjìká, lẹ́yìn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á já bọ́ kí wọ́n tó bí i. Sínú kí ni? Sínú omi. Ta ló ń mu omi náà? Òun kan náà ni. Ọmọ ń jẹ irun ara rẹ̀! Ó wà nínú ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ yẹn, èyí tó máa ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ìdí ọmọ tuntun, tí èèyàn á nù títí tí kò ní fẹ́ẹ́ tán.

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, ọ̀rá funfun kan tó ki bí òrí tún ń bo awọ rẹ̀. Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ mọ̀ ọ́n dáadáa: abẹ́ abíyá àti ẹ̀yìn etí ló máa ń sá pamọ́ sí.

Òsúkè? Ó ń ṣe é. Kó ta pá ta sẹ̀ ńkọ́? Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́ kí ìyá tó mọ̀. Ẹni tó lóyún àkọ́kọ́ sábà máa ń gbúròó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 18 sí 20. Ẹni tó ti bímọ rí lè mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 16 pé ọlẹ̀ ti sọ.

Sún mọ́ mi, èyí dùn. Ọmọ inú oyún a máa mu àtàǹpàkò. Peter Hepper, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Queen's ní Belfast, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi scan wo ọmọ 75 tó ń mu ún. Ọgọ́ta ń mu ti ọ̀tún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń mu ti òsì. Wọ́n ní sùúrù. Wọ́n dúró títí àwọn ọmọ náà fi pé ọdún mẹ́wàá sí méjìlá, wọ́n sì tún wá wọn kàn. Gbogbo ọgọ́ta tó mu ti ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń lò. Gbogbo wọn! Ẹyọ kan kò yẹ̀. Nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù, mẹ́wàá di ọlọ́wọ́ òsì.

Ìwọ tó ń lu ọmọ lọ́wọ́ torí pé òsì ló fi ń kọ̀wé, ó lè jẹ́ pé ó ti yan ọwọ́ tirẹ̀ kí o tó ra aṣọ ìkómọ.

Ìka tí a dárúkọ yẹn, ìlà rẹ̀ ńkọ́? Kí oyún tó pé oṣù márùn-ún, ó ti wà níbẹ̀. Kò ní yí padà mọ́ dọjọ́ alẹ́. Ìtẹ̀ka tí o fi gba káàdì ìdìbò, inú ìyá rẹ lo ti kó o bọ̀.

Àwọn ìbejì tó jọra débi pé ìyá wọn ń ṣì wọ́n pè ńkọ́? Ìtẹ̀ka Táíwò kì í ṣe ti Kẹ́hìndé.

Ará Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, etí rẹ mélòó? Ní 2010, àwọn onímọ̀ kan ní Ítálì gbé ìwádìí jáde nípa oyún ìbejì márùn-ún tí wọ́n fi scan wò. Ní ọ̀sẹ̀ 14, àwọn ọmọ yẹn ti ń nawọ́ síra wọn. Ní ọ̀sẹ̀ 18, ó tún pọ̀ sí i. Ọwọ́ tó ń lọ bá èkejì sì ń rọra lọ, wọ̀ọ̀, bí ọwọ́ tó fẹ́ kan ẹyinjú. Wọ́n ti ń kíra wọn kí ẹnikẹ́ni tó sọ wọ́n lórúkọ!

Ojú ọmọ ti pa dé láti oṣù kẹta. Ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 26 kó tó là á.

Etí ti ń gbọ́ kí oṣù kẹfà tó parí. Ohùn ta ló ń gbọ́ jù? Ti ìyá. Ní 1980, DeCasper àti Fifer ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ tuntun tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta ní ọmú rọ́bà. Bí wọ́n bá ṣe mu ún ló ń pinnu ohùn tí wọ́n máa gbọ́. Wọ́n ń mu ún lọ́nà tí ohùn ìyá wọn yóò fi jáde, wọ́n fi ti obìnrin mìíràn sílẹ̀.

Ọmọ inú oyún tún ń mọ òórùn ọbẹ̀. Ní 1995, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà: wọ́n fún àwọn aboyún ní áyù gbé mì, wọ́n fa omi inú oyún wọn díẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn èèyàn fimú gbọ́ ọ. (Ta ló gba irú iṣẹ́ yẹn?) Òórùn áyù ti wọ inú omi náà.

Dúró ná, èyí tó yà mí lẹ́nu jù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Bí ọmọ inú oyún bá jẹ́ obìnrin, ní ọ̀sẹ̀ 20, ó ti ní ẹyin mílíọ̀nù mẹ́fà sí méje nínú ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò ì tíì tó ìdajì kílò! Kò ní ní tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Bí wọ́n bá fi máa bí i, ó ti ku mílíọ̀nù kan sí méjì.

Wá bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹyin tí o ti jáde wá wà nínú ìyá rẹ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ. Ìyá rẹ wà nínú ìyá àgbà. Ìyá àgbà ti gbé ẹyin yẹn lọ ọjà, ó ti gbé e lọ oko, ó ti gbé e pọnmi, nígbà tí bàbá rẹ lè má tíì mọ ọ̀nà ilé wọn rárá.

Ṣé o mọ ọmọ tó tètè dé jù? Ní 2020, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní Alabama ní Amẹ́ríkà nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 21 àti ọjọ́ kan. Gíráàmù 420. Ó yè! Ní 2024, òmíràn dé ní Iowa ní ọ̀sẹ̀ 21 géérégé. Kò tó gíráàmù 300. Òun náà yè, ó sì ti ṣe ọjọ́ ìbí ọdún kan.

Ó ku ẹyọ kan. Nígbà oyún, díẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì ọmọ máa ń ṣí wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ní 1996, àwọn onímọ̀ rí sẹ́ẹ̀lì ọkùnrin nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan. Ọdún 27 ti kọjá tó ti bí ọmọkùnrin rẹ̀ ìkẹyìn.

Nítorí náà, bí ìyá rẹ bá ní o ṣì wà lára òun, má bá a jiyàn.