Nígbà Tí Wọ́n Bá Pe Ọmọ fún Íńtáfíù Iṣẹ́ Dókítà

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ wà ní Awẹ́, ní Fìdítì, ní Ìlọrá àti ní agbègbè Ọ̀yọ́, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ jókòó tì wọ́n, ọ̀rọ̀ yín ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Bí ènìyàn bá wọ kíláàsì kan ní ìlú Awẹ́, tí ó sì ní kí àwọn ọmọ tí ó fẹ́ di dókítà na ọwọ́ sókè, ọwọ́ tí yóò lọ sókè kò ní kéré. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún bi wọ́n pé, "Kí ni ìdí tí ẹ fi fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà?" púpọ̀ nínú wọn ni yóò wolẹ̀. Ìbéèrè yìí gan-an ni yóò sì pàdé ọmọ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ọ̀pọ̀ ibi láyé. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ wá ọmọ lẹ́nu wò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní íńtáfíù.

Ẹ lè sọ pé, ọmọ tí ó ti yege nínú ìdánwò, kí ni wọ́n tún ń bi í sí? Ìwé ìdánwò lè fi hàn wá pé ọmọ mọ kẹ́mísírì. Kò lè fi hàn wá bí yóò ti ṣe nígbà tí ìyá kan bá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná dé ní òru, tí ẹ̀rù ń ba ìyá náà, tí kò sì lè to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Aláìsàn kì í béèrè máàkì tí dókítà gbà. Ohun tí ó ń wò ni bóyá ẹni yìí ń gbọ́ ohun tí òun ń sọ, bóyá ó ń sọ òótọ́ fún òun, àti bóyá ó fi ọ̀wọ̀ òun wọ òun. Ohun tí íńtáfíù ń wá nìyẹn.

Ní ilẹ̀ wa Nàìjíríà, ìdánwò ni ó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1978 ni ìjọba dá àjọ JAMB sílẹ̀ láti máa ṣe ìdánwò àbáwọlé. Ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà yóò jókòó fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì. Máàkì 400 ni gbogbo rẹ̀. Láti ọdún 2005 ni àwọn yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àyẹ̀wò tiwọn lẹ́yìn èyí, tí à ń pè ní Post-UTME. Àyè kò sì pọ̀, nítorí pé MDCN, àjọ tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ dókítà, ni ó ń sọ iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan, pàápàá nínú àwọn tí kì í ṣe ti ìjọba, a máa pe ọmọ wá kí wọ́n fi ojú rí i.

Ṣùgbọ́n ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí yóò gba ọmọ láì kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn mẹ́rin péré ni ọmọ lè kọ orúkọ sí lọ́dún kan. Bí ó bá ṣe ẹyọ kan ṣoṣo ni ó pè é nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí yóò lò níbẹ̀ ni yóò sọ bí ọdún náà yóò ti rí fún un àti fún àwọn tí ń sanwó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan tí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1948 ni wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà láti kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ ni Chinua Achebe wà, ọmọ tí ìwé rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, ó rí i pé ọkàn òun kò sí níbẹ̀. Ó fi ìṣègùn sílẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìtàn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ní láti ràn án lọ́wọ́. Ní ọdún 1958 ìwé rẹ̀, Things Fall Apart, jáde, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọpọlọ ni kò tó o. Iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ ni ó wà níbòmíràn. Ó sàn kí ọmọ ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí nílé, kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Oríṣi íńtáfíù méjì ni ó wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ọmọ yóò wọ yàrá kan, yóò bá ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta nídìí tábìlì. Dókítà lè wà níbẹ̀, olùkọ́ lè wà níbẹ̀; nígbà mìíràn ẹni tí kì í ṣe dókítà rárá a máa bá wọn jókòó, kí ó lè fi ojú aláìsàn wo ọmọ náà. Wọn yóò bá a sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Wọ́n lè bi í pé: "Kí ló dé tí kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni o fẹ́ ṣe?" "Kí ni o mọ̀ nínú iṣẹ́ dókítà tí kò rọrùn?" "Sọ ìgbà kan tí nǹkan kò bọ́ sí i fún ọ. Kí ni o ṣe lẹ́yìn rẹ̀?" Ọmọ tí ó bá fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ti pa ara rẹ̀ lára, nítorí pé dókítà tí kò mọ iyì nọ́ọ̀sì kò ní mọ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń kìlọ̀ fún un.

Oríṣi kejì ni ti ọlọ́pọ̀ yàrá. Yunifásítì McMaster ní ìlú Hamilton, ní Kánádà, ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọ́n sì kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Ohun tí ó fà á ni pé bí àwọn kan náà bá jókòó ti ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi wò ó ni wọ́n lè fi wò ó dópin. Bí ó bá wù wọ́n, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni yóò dùn létí wọn. Bí kò bá sì wù wọ́n, àtúnṣe ṣòro. Nítorí náà wọ́n pín àkókò náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọmọ bá kọsẹ̀ ní yàrá kejì, ẹni tí ó wà ní yàrá kẹta kò mọ̀.

Báyìí ni ó ṣe ń lọ. Àwọn ọmọ yóò dúró, olúkúlùkù síwájú ilẹ̀kùn kan. Ìwé kan wà lẹ́nu ọ̀nà náà. Agogo yóò dún. Ọmọ yóò ka ìwé náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 2. Agogo yóò tún dún, yóò wọlé. Ó lè lo ìṣẹ́jú 8 nínú ilé. Bí agogo bá tún dún, ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ dé, yóò dìde, yóò kọjá sí ẹnu ọ̀nà mìíràn. Yàrá náà lè tó 10. Níbòmíràn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó máa ń dẹ́rù ba ọmọ ni pé ẹni tí ó jókòó nínú ilé lè má rẹ́rìn-ín, kí ó má sì sọ pé "O káre." Kì í ṣe ìbínú. Wọ́n ti sọ fún un pé kí ó ṣe bákan náà sí gbogbo ọmọ ni.

Kí ni wọ́n ń bá nínú yàrá wọ̀nyí? Ní ọ̀kan, ẹnìkan lè ní kí ọmọ ṣàlàyé ohun kan fún ẹni tí kò rí i rí, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ṣàlàyé bí a ti ń ro àmàlà fún àlejò. Wọ́n ń wò bóyá yóò sọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ, àti bóyá yóò dúró béèrè pé, "Ṣé ó yé yín bẹ́ẹ̀?" Ní òmíràn, òṣèré kan yóò ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ burúkú kàn. Ẹ jẹ́ kí a fi tiwa ṣe àpẹẹrẹ: o ti fi kẹ̀kẹ́ gba ewúrẹ́ ìyá kan ládùúgbò, ó sì kú, wọlé lọ sọ fún un. Ọmọ mìíràn yóò máa rojọ́ pé bíréèkì kò mú, tàbí kí ó tètè máa na owó sí ìyá náà. Èyí tí ó dára ni kí ó sọ pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò dára. Èmi ni mo fi kẹ̀kẹ́ gba ewúrẹ́ yín, ó sì ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Lẹ́yìn èyí, kí ó dákẹ́, kí ó jẹ́ kí ìyá náà sọ̀rọ̀.

Yàrá mìíràn lè jẹ́ ti ìdájọ́. Ibùsùn kan ló kù ní ilé ìwòsàn, aláìsàn méjì sì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni a ó fún? Ní ọdún 1979, àwọn ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà méjì, Tom Beauchamp àti James Childress, kọ ìwé kan nípa irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ìlànà mẹ́rin tí wọ́n là sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń lò: kí a bọ̀wọ̀ fún ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ fẹ́, kí a ṣe é lóore, kí a má ṣe é ní ibi, kí a sì ṣe ẹ̀tọ́ láàrin ènìyàn. Ọmọ tí ó bá ro ó dáadáa yóò béèrè pé ta ni ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu jù, àti ta ni a lè tètè gbé lọ síbòmíràn. Kò ní béèrè pé ọmọ ta ni, tàbí ta ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó ti ń ro ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń wò.

Wàyí o, ohun kan wà tí ó kan ọmọ Yorùbá gan-an. Nílé wa, ọmọ kì í wo àgbà lójú kòròkòrò, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níwájú wọn, kì í sì í yin ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n lè rí ọmọ tí ó wolẹ̀ kí wọ́n rò pé ó ń fi nǹkan pa mọ́. Wọ́n lè gbọ́ ìdáhùn kúkúrú kí wọ́n rò pé kò ní ohun tí yóò sọ. A kò ní kí ọmọ sọ ẹ̀kọ́ ilé nù. Kí ó kí wọn dáadáa, kí ó dúró kí wọ́n ní kí ó jókòó. Ṣùgbọ́n kí ó gbé ojú sókè, kí ohùn rẹ̀ là, kí ó sì sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Kì í ṣe ìgbéraga bí ọmọ bá sọ pé, "Èmi ni mo ń fún ìyá àgbà ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn láràárọ̀, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé." Ọmọ tí ó tọ́jú ìyá àgbà ní Awẹ́ ní ohun tí yóò sọ, bí ẹni tí ó lọ wo ilé ìwòsàn ńlá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀yin òbí, ẹ lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láì náwó. Bí àlejò bá bi ọmọ ní ọ̀rọ̀, ẹ má bá a dáhùn. Ẹ fi aago sílẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè kan, kí ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ dáhùn. Ẹ má jẹ́ kí ó há ìdáhùn sórí, nítorí pé ìbéèrè kan tí kò retí ni yóò tú gbogbo rẹ̀ ká. Láti ọdún 2020, ọ̀pọ̀ íńtáfíù ni wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ wá ibi tí iná àti íńtánẹ́ẹ̀tì ti dára ṣáájú ọjọ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá sọ fún yín pé òun yóò gba owó láti bá yín wá àyè, ẹ mọ̀ pé olè ni.

Ó ku ẹyọ kan. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ kí ọmọ di dókítà, tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́, ibi tí agogo bá ti dún ni àṣírí yóò ti tú. Nítorí náà, lálẹ́ òní, ẹ bi í pé kí ni ó fẹ́ ṣe àti kí ni ìdí rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ títí yóò fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí iṣẹ́ dókítà bá wà lọ́kàn rẹ̀, tí wọn kò sì gbà á lọ́dún yìí, ọdún mìíràn ń bọ̀. Bí kò bá sì sí lọ́kàn rẹ̀, iṣẹ́ rere mìíràn pọ̀ tí ìlú ń fẹ́.