Iméèlì tó padà wá: nọ́ńbà inú rẹ̀ ni kí oníṣòwò wò

Aṣọ-òkè Ìsẹ́yìn kì í dúró nílé. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà náà ń fi ṣe ìgbéyàwó, orí íméèlì sì làwọn kan nínú wọn ti ń bá aláṣọ dúnàádúrà. Ibẹ̀ ni owó ti lè ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé aláṣọ kan fi iye owó sányán ogún èèyàn ránṣẹ́. Kó tó ṣẹ́jú, èsì ti dé pé wọ́n ti rí lẹ́tà rẹ̀ gbà, wọ́n sì dúpẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ra òwú, ó gba ahunṣọ mẹ́ta sídìí òfì. Kò mọ̀ pé oníbàárà rẹ̀ wà nísinmi, ẹ̀rọ ló dá a lóhùn. Irú èsì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àdéhùn o. Kí ẹnikẹ́ni má ra òwú títí àsansílẹ̀ yóò fi wọlé.

Èyí tó ń dẹ́rù bani jù ni lẹ́tà tó ń padà wá lórúkọ MAILER-DAEMON. Àwọn kan á pa á rẹ́ kíá, torí orúkọ ọ̀hún jọ ti ẹ̀mí èṣù. Ètò kọ̀ǹpútà lásán ni, ó dà bí akólẹ́tà tí kò rílé tí wọ́n rán an sí. Ẹ wá nọ́ńbà oníhòòró mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀. Bó bá fi 5 bẹ̀rẹ̀, bíi 550, lẹ́tà náà ti kú nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣi àdírẹ́sì kọ, kí wọ́n fi fóònù bi oníbàárà. Bó bá fi 4 bẹ̀rẹ̀, ìdíwọ́ ìgbà díẹ̀ ni. Ìlànà íméèlì tó jáde lọ́dún 2008 ní kí sáfà máa gbìyànjú fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, ó kéré tán, kó tó sọ̀rètí nù. Kò sídìí tí èèyàn fi ń fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ nígbà mẹ́wàá.

Oníṣòwò òrí ní Ṣakí tó ń lọ ṣe Iléyá náà lè ní kí ẹ̀rọ máa bá òun dáhùn, kó kọ ọjọ́ tí yóò dé àti nọ́ńbà fóònù síbẹ̀. Ìlànà ọdún 2004 ní kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ má máa dá ẹnì kan náà lóhùn léraléra, kó má sì dá lẹ́tà tó padà wá lóhùn rárá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ méjì yóò máa kíra wọn mọ́jú.

Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà téèyàn kò kọ bá ń padà wá, gbájúẹ̀ ló ń lo orúkọ rẹ̀, ó sì lè ti wọ inú àpótí náà. Kí ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì pe àwọn oníbàárà rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó sí àkáǹtì ẹlòmíràn.